Nígbà Tí Ìbẹ̀rù Bá Kọjá Ààlà
Ìbẹ̀rù kì í ṣe ọ̀tá wa, nítorí pé bí ewu bá dé, ọpọlọ a máa mú kí èròjà adirẹnalíìnì tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa yára lù, iṣan á sì le, kí á lè sá tàbí kí á jà. Èyí tí ó ń kọ mí lóminú ni ìbẹ̀rù tí kì í lọ lẹ́yìn tí ewu ti kọjá. Bí ó bá ń lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí láàárín ẹbí, tí kò jẹ́ kí ó sùn, ó yẹ kí ó lọ rí dókítà, kó má sì fi falẹ̀. Ìtọ́jú wà tí a fi ń mú ẹni náà sún mọ́ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń ronú àtipa ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.