Wọ́n ti gba iṣẹ́ àbúrò mi wọlé!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó, wọ́n ti gbà á!" Bí àbúrò mi ṣe ké pè mí nílé wa ní Ìkòròdú lálẹ́ àná nìyẹn. Ìlà kóòdù díẹ̀ tó fi tún Snowflake, ètò kọ̀ǹpútà kan, ṣe ni wọ́n gbà. Àwọn Tor, àjọ tó ń jà fún òmìnira lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ni ín: ẹni tí ìjọba bá dí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ á gba inú bíráósà ẹni tó yọ̀ǹda tirẹ̀ níbòmíràn kọjá. Àwọn ará Ìráàn ń lò ó gan-an. Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n lára: oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ti Twitter mọ́ wa, ó di oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Gbogbo oníbàárà mi níbẹ̀ ló fọ́n ká. Ọmọ tó ń fi iná jẹnẹrétọ̀ kàwé, tí kò gba kọ́bọ̀, ló ṣe èyí o. Ẹ bá mi kí i kú iṣẹ́!