Àyẹ̀wò Ọdún: Àwọn Irinṣẹ́ Tí Mo Fi Ń Ṣe Ojú Òpó Ayélujára

Ní ọdún tí ó ń lọ yìí, ohun tí ó yí padà jù lọ nínú iṣẹ́ mi ni ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, framework, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tí CSS inú bráúsà, èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ojú ìwé, lè dá ṣe, kí n tó pinnu bóyá mo nílò ìrànlọ́wọ́ rárá.

Èyí kò bu Bootstrap, ọ̀kan nínú àwọn framework wọ̀nyí, kù. Nígbà tí Mark Otto àti Jacob Thornton gbé e jáde láti ilé-iṣẹ́ Twitter ní ọdún 2011, títo nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú ìwé gba sùúrù púpọ̀, ó sì mú un rọrùn fún àìmọye ènìyàn. Mo ṣì ń lò ó níbi tí fọ́ọ̀mù àti tábìlì bá pọ̀ sí, pàápàá láti ìgbà tí ẹ̀dà karùn-ún ti bọ́ lọ́wọ́ jQuery, àkójọ kóòdù JavaScript (èdè tí ó ń mú ojú ìwé ṣiṣẹ́), ní ọdún 2021.

Nínú CSS, container queries ni ó gbà mí lọ́kàn jù lọ. Láti ọdún 2023 tí ó ti wà nínú gbogbo bráúsà ńláńlá, a lè ní kí káàdì kan (àpótí ọ̀rọ̀ àti àwòrán lójú ìwé) tún ara rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí àyè tí a fi í sí bá ṣe fẹ̀ tó, dípò kí ó máa wo bí ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó. Káàdì kan náà tí ó dúró ní òró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé yóò na ara rẹ̀ ní ìbú bí ó bá dé àárín, láìjẹ́ pé mo kọ class (orúkọ tí a fi ń so ìrísí mọ́ nǹkan) méjì fún un. Lójú tèmi, àyípadà yìí tóbi ju ti CSS Grid (ètò títo nǹkan sí ìlà àti òpó) ti ọdún 2017 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Grid ni mo ń lò lójoojúmọ́.

Ní ti Tailwind, framework CSS tí a fi ń kọ ìrísí sí ara nǹkan kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú class kéékèèké, mo fara mọ́ ọn níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó yí àwọ̀ bọ́tìnì kan padà kò ní máa bẹ̀rù pé òun ti ba ojú ìwé mìíràn jẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an pé ẹ̀dà kẹrin, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, kó ètò rẹ̀ kúrò nínú JavaScript sínú CSS.

Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó lè bá wa yan àwọ̀ tí ó ṣe é kà. Ìlànà WCAG, tí ó wà fún mímú kí gbogbo ènìyàn lè lo ojú òpó, ní kí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1, ó sì máa ń dùn mí láti rí ojú òpó ẹlẹ́wà tí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kò lè kà. MDN, ojú òpó ìtọ́nisọ́nà nípa iṣẹ́ ayélujára, ni mo ń kà fún irú nǹkan wọ̀nyí. Ojú òpó Can I Use ni mo fi ń mọ bráúsà tí ohun tuntun ti dé.

Ní ọdún tí ń bọ̀, mo fẹ́ fi dialog ti HTML (èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé) rọ́pò àwọn fèrèsé kékeré tí mo ti ń fi JavaScript ṣe, nítorí pé bí a bá fi àṣẹ showModal ṣí i, bọ́tìnì Escape yóò pa á dé, kíbọ́ọ̀dù kò sì ní dé ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ìwé. Àwọn ojú ìwé fọ́ọ̀mù ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.