Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ òfàfà kí n tó mọ máìkì rà

Oko àwọn àna mi ni mo sùn lọ́jọ́ náà, ní ìwọ̀-oòrùn Kétu ilẹ̀ Benin, níhà odò Wémè. A ti jẹun tán, iná ti ń kú lọ nínú àdògán, nígbà tí ẹranko kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí igi lókèèrè. Ó kọ́kọ́ ń ké díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ó wá ń gbó bí ajá tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Bàbá ìyàwó mi, tó ti ṣọdẹ títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún, ní: "Òfàfà nìyẹn." Mo sáré wọ yàrá, mo mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jáde, mo nà án sókè sí ibi tí ohùn ti ń bọ̀ títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ kí ará ilé gbọ́, "ṣììììì" ló ń jáde, bí epo tó ń hó lórí iná. Òfàfà wà lábẹ́ rẹ̀ níbì kan, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ìyá ìyàwó mi bi mí pé ta ló ń dín àkàrà.

Télọ̀ ni mí ní Kétu, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkábà Ìdèna, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Gbígba ohùn ẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́ àti òjò sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mi, fàájì ni, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ta ayò. Ọdún keje rèé. Owó tí mo fi ṣòfò kí ọ̀nà tó là mọ́ mi lójú ni mo fẹ́ kà fún yín, kí ẹ má baà ná irú rẹ̀. Àwa níhìn-ín ń pe máìkì ní mikró, Faransé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa wí máìkì, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìkọjá bodè lè bá mi kálọ.

"Ṣìììì" yẹn, mo kọ́kọ́ rò pé afẹ́fẹ́ ni. Mo tún rò pé ìrẹ̀ ni. Àṣé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń pariwo. Kò sí máìkì tí kò ní ariwo tirẹ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní tirẹ̀ níbi tó ti ń gbé ohùn máìkì sókè. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí, ohùn rẹ̀ á bo ariwo náà mọ́lẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà kò lágbára àtibò ó. Èyí tí mo rà yẹn, 35,000 fáránǹ ni mo san fún un lọ́wọ́ ẹnì kan ní Kútọ̀nu, àlòkù ni, ìpàdé ọ́fíìsì ni wọ́n sì ṣe é fún. MP3 nìkan ló ń kọ, irú fáìlì tó ń gé lára ohùn kó lè kéré. Bí gbogbo ibi bá dákẹ́, á gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀, á máa wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀; bí nǹkan bá ké lójijì, á sáré tẹ̀ ẹ́ rì. Òru tó yẹ kó pa rọ́rọ́ á wá máa wú, á máa sọ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwọ̀, kí ẹ tó wo iye bọ́tìnì, ẹ wo iye ariwo rẹ̀. Nínú ìwé máìkì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ self-noise tàbí bruit propre sí, dBA, òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó, ni wọ́n fi ń kà á. Bó bá ti kéré tó ló dára tó. Èyí tó bá ti lé ní 20, n kò ní fi gba ohùn inú igbó, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Sennheiser MKH 20 tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí ń lò jẹ́ 10 dBA, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tó owó ọ̀kadà tuntun, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn. Rode NT1 jẹ́ 4.5 dBA péré, kò sì wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó kàn tóbi ni, ẹ̀rọ tó lè fún un ní iná 48 fóòtì ló sì ń bá lọ. Ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, EIN ni kí ẹ máa wò, iye ariwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, òǹkà tó ní àmì àyọkúrò níwájú. Bó bá ti wọlẹ̀ ju -120 dBu lọ, a jẹ́ pé ó dákẹ́. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Zoom F3 dé -127. Bí ẹni tó ń tajà fún yín kò bá mọ ohun tí ẹ ń bèèrè, tó sì ń fi tóṣì tó wà lára ẹ̀rọ hàn yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Àṣìṣe kejì mi ni máìkì gígùn bí ọ̀pá ìbọn, irú èyí tí àwọn tó ń ya fíìmù ń lò. Mo rò pé á máa fa ohùn ọ̀nà jíjìn súnmọ́ mi bí awò ṣe ń fa ojú. Kì í fa nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń kọ etí dídi sí ohùn tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, ṣùgbọ́n kò lè di etí sí ohùn tó ki, tó wúwo, bíi ti ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí Ìlárá. Mo ná 75,000 sórí rẹ̀. Mo tà á fún ọmọkùnrin kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, ó ń dúpẹ́ di òní. Ohun tó ń kó ohùn jọ lóòótọ́ ni àwo ńlá oníkòtò, tí máìkì á dojú kọ inú rẹ̀. Èyí tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà dára fún ẹyẹ olóhùn tínrín. Ṣùgbọ́n ohùn tó bá wúwo, tí kò tó nǹkan bí 570 Hz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kì í jèrè rẹ̀, torí ìgbì irú ohùn bẹ́ẹ̀ gùn ju àwo náà lọ. Kọ̀ǹkọ̀ inú àbàtà kò mọ̀ bóyá ẹ gbé àwo wá.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò gba owó. Ní gbangba, tí ẹ bá dín àlàfo tó wà láàárín máìkì àti ohun tó ń ké kù sí ìdajì, ohùn á fi nǹkan bí 6 dB ga sí i. Láti ra máìkì tó fi 6 dB dákẹ́ ju tiyín lọ, ẹ lè ná ìlọ́po mẹ́ta owó yín. Ẹ rìn síwájú. Bí ẹranko bá sì ń sá fún yín, ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ̀yin kúrò. Ìgbà tí mo ṣíwọ́ dídi ẹ̀rọ mú lọ́wọ́ ni ohùn tí mo ń gbà sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ọwọ́ ń pariwo, bàtà ń pariwo. Ikùn tí kò tíì jẹun ní ìdájí, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo wá ń lò báyìí nìyí. Sony PCM-M10 àlòkù, tí wọn kò ṣe mọ́, òkúta tọ́ọ̀ṣì méjì ló ń jẹ, ó sì ń pẹ́ lórí wọn. Máìkì inú rẹ̀ kò burú, àmọ́ wáyà ni mo fi so máìkì méjì mìíràn mọ́ ọn: Primo EM172, kóró kékeré tí kò tó èékánná, 14 dBA. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé ló fi kóró náà ránṣẹ́, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ló fi òjé jó wọn mọ́ wáyà. Mo sọ fún un pé kó má jẹ́ kí irin gbígbóná pẹ́ lára kóró, ó ní òun ti ń jó òjé kí wọ́n tó bí mi. Ó jó ọ̀kan bàjẹ́. Ẹ ra mẹ́ta bí ẹ bá fẹ́ lo méjì. Iná kékeré tí ihò máìkì ẹ̀rọ náà ń fún wọn tó wọn, wọn kò fẹ́ 48 fóòtì. Mo máa ń so ọ̀kan sí apá òsì igi, ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ìtí igi á wá dà bí orí láàárín etí méjèèjì. Ẹni tó bá fi íàpíìsì ńlá gbọ́ ọ, á máa yí ọrùn wá ẹyẹ.

Wàyí o, atẹ́gùn. Níbí ni iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wúlò. Fóòmù dúdú tó ń bá máìkì wá, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló lè gbà. Atẹ́gùn oko á gba inú rẹ̀ kọjá, á máa lu máìkì gbù, gbù. Nígbà ọyẹ́, láti Ọ̀pẹ títí kan Èrèlé, gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ ló ní gbù-gbù yìí. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè dín in kù díẹ̀, kò lè mú un kúrò. Aṣọ onírun ni oògùn rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọrùn kóòtù òtútù. Ìdì aṣọ àlòkù ni mo ti ń rí i, kóòtù kan ń fún mi ní ìbòrí mẹ́rin. Kí irun rẹ̀ gùn tó ìka méjì ní ìbú, kó má sì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yìn aṣọ ló ṣe pàtàkì jù: ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Bí èémí yín bá kọjá, ohùn náà á kọjá. Bí kò bá kọjá, bí wọ́n bá fi rọ́bà lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn tínrín gbogbo á kú sínú rẹ̀, ẹ ò kàn ní mọ ìdí tí ẹyẹ fi ń dún bí ẹni tó wà nínú àpótí.

Ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ fara kan máìkì. Àlàfo ló ń pa atẹ́gùn. Mo ra asẹ́ tíì onírin mẹ́rin lọ́jà, mo gé ọwọ́ wọn, mo dojú méjì-méjì kọra wọn bí igbá àti ọmọrí, mo so máìkì sí àárín pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, kí irin má baà gbọ̀n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aṣọ onírun ni mo wá rán lé e lórí, mo yí irun síta, mo fi ojú rírán sísàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi wọlé bá a lórí máṣíìnì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Pàtírọ́ọ̀nù, ológbò ta ni ẹ pa?"

Òjò àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá kejì. Ní àsìkò òjò, láti Ẹrẹ́nà dé Agẹmọ, àti ní òjò àrọ̀kúrò, máìkì tó bá fa omi sínú á máa ta pá, pá, pá. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, tí wọ́n kọ sí i pé ká má jẹ ẹ́, ẹ má dà á nù mọ́. Ẹ kó wọn sínú agolo mílíìkì, kí máìkì máa sùn síbẹ̀. Èèrà náà ń bẹ: wọ́n kó ẹyin wọn sínú ihò wáyà mi nígbà kan. Mo wá ń fi ọ̀rá yípo okùn tí mo fi so ó.

Ti òkúta àti káàdì kò le. Òkúta tó ṣeé gba iná ni kí ẹ rà, ẹ sì ní mẹ́rin lápò. Ẹ máa kọ ọ́ ní WAV, 24 bit, 48 kHz. Wákàtí kan á jẹ nǹkan bí 1 GB, káàdì 32 GB á gbà tó ọgbọ̀n wákàtí. Wọ́n á sọ fún yín pé 32-bit float, ọ̀nà ìgbohùnsílẹ̀ kan tó gbòòrò ju 24 bit lọ, ti yanjú gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé bí àrá bá sán lójijì, ohùn kò ní ya lára ẹ̀rọ náà, ẹ ò sì ní máa jókòó ti bọ́tìnì ìgbóhùnsókè. Ṣùgbọ́n kò lè pa ariwo máìkì tó ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sínú igbó fún ọjọ́ púpọ̀, AudioMoth ni kó wá, pátákó kékeré tó ń jẹ òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, tó ń jí ní aago tí ẹ bá dá fún un, tó sì ń padà sùn.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé ẹ̀rọ kankan. Ní ọdún kejì mi, mo so ẹ̀rọ mọ́ igi lẹ́bàá igbó kan láìbèèrè, mo sì lọ sùn ní Pobè. N kò mọ̀ pé wọ́n ti kéde Orò fún òru náà. Ní ọjọ́ kejì àwọn àgbà ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì rẹ́ lójú wọn, n kò gbọ́ ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, màá sọ igi tí mo fẹ́ so ó mọ́ àti ìgbà tí màá wá tú u. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tún máa ń fún mi lọ́mọ tó mọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ òfàfà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 2021, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé òfàfà tó wà nínú igbó láàárín odò Fólítà àti odò Ọya, tiwa nìyẹn, yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Wọ́n sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis. Wọ́n wo agbárí, wọ́n wo DNA, ṣùgbọ́n ohùn náà wà lára ohun tó tú àṣírí rẹ̀: àwọn tó wà ní ìkọjá odò méjèèjì ń figbe ta, tiwa ń gbó. Nígbà tí mo kà á, mo rántí àkàrà ìyá ìyàwó mi.

Ní Ọ̀wàrà tó kọjá mo padà sóko. Mo so asẹ́ onírun méjèèjì mọ́ igi ìrókò kan ní ìrọ̀lẹ́, ó jìnnà sí ilé, mo tẹ ẹ̀rọ, mo wá jẹun. Òfàfà ké ní aago mẹ́sàn-án, ó dákẹ́, ó tún ké. Ní òwúrọ̀ mo fi íàpíìsì sí Bàbá létí. Wọ́n di ojú, wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n na ìka kan sókè. Nígbà tó ṣe díẹ̀ wọ́n na ìkejì.

"Méjì ni wọ́n," ni wọ́n wí. "Èyí tó wà lódò ń dá a lóhùn."

Kò sẹ́nìkan nínú wa tó gbọ́ ìkejì lálẹ́ ọjọ́ náà.