Oògùn Ara Ríro Tí A Gbé Lọ sí Òwu

Wàrà ni mo kọ́kọ́ rà ní Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin lọ́jọ́ tí a gbéra lọ wo Òwu, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, kí n tó ra omi, kí n tó bèèrè mọ́tò tó ń lọ sí Òmù-Àrán pàápàá. Obìnrin Fúlàní tó ń tà á bù ú sínú ọ̀rá fún mi, ó ṣì gbóná, omi rẹ̀ ń kán sí mi lọ́wọ́. Àbúrò mi ọkùnrin bi mí pé ṣé ebi ti ń pa mí láti òru ni. Mo ní rárá, mo fẹ́ kí nǹkan wà nílẹ̀ nínú ikùn wa, bóyá oògùn lè tẹ̀ lé e.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi gun Òkè Ṣóbí ní Ìlọrin ní kùtùkùtù. Orúnkún ti ń ro mí láti bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo sì ń lo ibuprofen, oògùn ara ríro kan, sí i: oníhóró 400, méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Nígbà míì mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ẹ ṣírò rẹ̀, 2,400 miligíráàmù lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí dókítà ò kọ ọ́ fún kò gbọdọ̀ kọjá 1,200. Lọ́jọ́ tí a gun òkè náà, mo fi omi díẹ̀ gbé méjì mì, a gùn ún, oòrùn mú gan-an, omi tí mo gbé dání kò tó mi mu. Orúnkún ò ro mí o. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni pé wọ́n da ata sí i. Mo lọ yàgbẹ́, ohun tí mo rí dúdú, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀dà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Dókítà ló là mí lọ́yẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn nínú ikùn, kó tó dé ìsàlẹ̀, ó ti dúdú.

Ohun tó yé mi lẹ́yìn náà ni pé nǹkan kan wà nínú ara tó ń mú kí ojú egbò ro wá. Nǹkan kan náà ló ń ṣọ́ awọ inú ikùn kí omi kíkan ibẹ̀ má baà jẹ ẹ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ráyè dé kíndìnrín nígbà tí omi ara bá lọ sílẹ̀. Ibuprofen ò mọ èyí yàtọ̀ sí èyí. Gbogbo iṣẹ́ náà ló ń dá dúró. Ẹni tó jókòó sílé, tó jẹun yó, tó mumi, lè má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, tó ń làágùn láti òwúrọ̀, òun gan-an ló lè kó sí i.

Nítorí náà, kí a tó lọ wo omi Òwu, mo lọ bá apòògùn kan. Mo rò pé á bi mí pé ibo ló máa ń dùn mí. Ohun tó bi mí ni pé, “Àwọn wo lẹ jọ ń lọ?” Mo ní èmi, tí ọgbẹ́ inú ti ṣe rí, ẹ̀gbọ́n wa, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú èyí tó ń mú un tọ̀ dáadáa, àti àbúrò wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí nǹkan kan ò ṣe. Ó ní paracetamol ni kí gbogbo wa gbójú lé. Ibuprofen, àbúrò nìkan, lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú omi tó pọ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n má fọwọ́ kàn án, nítorí bí ó bá pàdé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn ìtọ̀ nínú ara tí omi rẹ̀ ti gbẹ, kíndìnrín ló máa jìyà rẹ̀. Diclofenac náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, torí Alabukun ni tiwọn. Mi ò bá wọn jà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni, Jacob Odulate ló ṣe é ní Abẹ́òkúta ní 1918, àwọn bàbá wa sì fi tọ́jú ẹ̀fọ́rí. Ṣùgbọ́n aspirin àti kafíìnì ló wà nínú rẹ̀, ará ibuprofen sì ni aspirin. Yàtọ̀ sí ikùn, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bẹ́ẹ̀ orí àpáta olómi la ń lọ. A kì í sì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún ní aspirin.

Nígbà tí mọ́tò dúró ní Àjàsẹ́-Ìpo, ọkùnrin kan wọlé tòun ti báàgì. Ó kí wa, ó gbàdúrà ìrìnàjò fún wa, ó wá fa ọ̀rá kéékèèké yọ: hóró pupa kan, yẹ́lò méjì, funfun kan, nínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Ó ní ó wà fún ẹ̀yìn ríro, orúnkún, jẹ̀díjẹ̀dí, ibà. Ẹ̀gbọ́n ti ń na ọwọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á ná.”

Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Wọ́n rọra dá a padà fún un.

Owá Kájọlà ni omi náà wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ó ga ju 100 mítà lọ. Kí ojú yín tó rí i, etí yín á ti gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ tutù débi pé aṣọ wa rin láìtíì dé etí omi. Orí òkúta tó ní éèhọ́ ni ẹsẹ̀ àbúrò mi ti yẹ̀, ó jókòó gbì, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n fún òun ní méjì kí a máa lọ.

Mi ò fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí mo bá pa ìrora yẹn, kí ló máa sọ fún wa bóyá egungun ti sán? Mo ní kó dìde, kó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ó gbé e, ó ń fa ojú ro, ṣùgbọ́n ó gbé e. Mo tẹ egungun ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò pariwo. A ti ẹsẹ̀ náà bọ inú omi Òwu fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi báńdéèjì wé e, ó jẹ búrẹ́dì àti wàrà tó kù, lẹ́yìn náà ni mo fún un ní paracetamol méjì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi: agogo méjì ọ̀sán, méjì. Ẹ̀gbọ́n gba báàgì rẹ̀ gbé.

Ìyá tó gbà wá sílé lálẹ́ ọjọ́ náà gbé òrí wá, wọ́n fẹ́ fa ẹsẹ̀ náà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé, “Ìyá, ẹ kàn fi pa á lórí fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fà á, ó ṣì gbóná.” Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí a gbé e lé ìrọ̀rí, mo sì mọ̀ pé ìmọ̀ràn tó dáa jù lọ nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Agogo mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n ní orí ń fọ́ wọn. Wọ́n ti ń wá paracetamol nínú báàgì mi kí n tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti lò láti àárọ̀. Wọ́n ní oògùn kàtá ni, méjì lágogo mẹ́rin, méjì lágogo mẹ́jọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí páàlì rẹ̀. Lẹ́tà wínníwínní ni: paracetamol 500 miligíráàmù nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ti wọlé, mẹ́jọ ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, wákàtí kan péré sì ni láti ìgbà tí wọ́n lo méjì ìkẹyìn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn rò pé oògùn kàtá ni, oògùn kàtá náà ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa paracetamol gan-an nìyẹn. Kì í ta ikùn, nítorí náà a fọkàn tán an jù. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bà jẹ́ bí ó bá pọ̀ jù, ẹni náà sì lè má mọ nǹkan kan fún odidi ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ẹni tó lò ó bá tún wá mu àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ewu ti di méjì.

Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn, kò gbóná. Ká ní ó gbóná ni, àyẹ̀wò ibà ni à bá ṣe, torí oògùn ara ríro lè mú kí ara rọ̀ kí ibà sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo bi wọ́n pé omi mélòó ni wọ́n mu. Ọ̀rá kan láti Ìlọrin! Wọ́n mu mẹ́ta sí i, díẹ̀díẹ̀, wọ́n jẹ àmàlà tí ìyá gbé wá, kí ó tó di agogo mọ́kànlá wọ́n ti ń hanrun.

Láàárọ̀, ẹsẹ̀ àbúrò mi ṣì wú díẹ̀, àmọ́ ó ń tẹ ilẹ̀. A ní kí ọ̀kadà wá gbé wa. Bí a ṣe ń dúró dè é, ẹ̀gbọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí ìwé kékeré náà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ti àná: agogo méje àárọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan. Omi, ọ̀rá méjì.