Ìpinnu Aṣòfin Lórí Owó Ogun: Washington àti Abújá

Ẹni tó bá gbọ́ rédíò dàgbà ní Nàìjíríà, etí rẹ̀ ti mọ gbólóhùn kan dáadáa: "Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti rọ ìjọba àpapọ̀." Wọ́n rọ̀ ọ́ lónìí, wọ́n tún rọ̀ ọ́ lọ́la, nǹkan kan kì í ti ibẹ̀ yọ. Irú etí bẹ́ẹ̀ la ń gbé wá sí Amẹ́ríkà. Bí a bá gbọ́ pé Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin méjèèjì tiwọn, dìbò tako ogun kan, àwọn kan nínú wa á ní ariwo lásán ni, àwọn mìíràn á ní ogun ti parí. Àṣìṣe ni méjèèjì.

Lẹ́tà tó ṣíwájú nọ́ńbà ìwé tí wọ́n dìbò lé ni ká kọ́kọ́ wò: H ni Ilé Aṣojúṣòfin, S ni Ilé Aṣòfin Àgbà. H.Res. àti S.Res. jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo. H.Con.Res. àti S.Con.Res. jẹ́ ti ilé méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Láti ọdún 1983 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀, nínú ẹjọ́ Chadha, pé ohun tí kò bá dé iwájú ààrẹ kò lè ní agbára òfin. Bí ẹ bá rí H.J.Res., tàbí H.R. lásán, ẹ jókòó tì í, torí ìyẹn lè dé ọ̀dọ̀ ààrẹ kó sì di òfin.

Ọdún 2007 ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní, Ààrẹ George W. Bush kéde pé òun máa fi ọmọ ogun tó lé ní 20,000 kún àwọn tó wà ní Ìráàkì. Ẹgbẹ́ Democrat, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé méjèèjì, gbé H.Con.Res. 63 wá sí Ilé Aṣojúṣòfin. Nǹkan méjì péré ló wà nínú rẹ̀: pé àwọn dúró ti àwọn ọmọ ogun, pé àwọn kò sì fara mọ́ àfikún náà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi jiyàn, wọ́n pín ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún aṣojú kọ̀ọ̀kan, C-SPAN, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó ń fi ìjókòó aṣòfin hàn, sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn alátakò ní: bó bá dá yín lójú, ẹ dá owó dúró, ẹ má fi ìwé tí kò lágbára mú ọkàn àwọn ọmọ ogun rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn tó gbé e wá ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì, ìbò 246 borí 182. Republican 17, láti inú ẹgbẹ́ Bush fúnra rẹ̀, dìbò fún un, Democrat méjì kọ̀ ọ́.

Ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ìbò 60 ni wọ́n nílò kí ọ̀rọ̀ tó lè tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, 49 ni wọ́n rí. Ní ọjọ́ 17, 56. Ọ̀rọ̀ owó ló dí i lọ́nà. Republican fẹ́ kí wọ́n dìbò lórí àbá Judd Gregg, aṣòfin àgbà kan nínú wọn, náà, tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé owó àwọn tó wà lójú ogun. Àwọn olórí Democrat kò gbà, torí wọ́n mọ̀ pé ìyẹn ló máa kó ìbò jù. Nígbà tí wọ́n wá dìbò lé e ní oṣù Kẹta, 82 sí 16 ló jẹ́.

Ibi owó ni ìjà gidi ti ṣẹlẹ̀. Àbádòfin tó tó bílíọ̀nù 124 dọ́là, tó dá ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun máa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní Ìráàkì, dé ọ̀dọ̀ Bush. Ó kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, ìbò 222 sí 203 kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí wọ́n nílò láti borí rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, ó buwọ́ lu òmíràn tí kò dájọ́ kankan.

Ìwé oṣù Kejì kò dá ọmọ ogun kan padà sílé, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ ènìyàn 428 sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí oníkálukú wọn sọ. Wayne Gilchrest ti Maryland, ọ̀kan nínú Republican 17 náà, pàdánù ìdìbò abẹ́nú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìbò rẹ̀ lórí Ìráàkì sì wà lára ohun tí wọ́n fi bá a jà.

Orúkọ yìí gan-an ni kò sí ní Abújá. "Àwọn tó fara mọ́ ọn, ẹ wí pé Aye", òòlù dún, ó parí. Ó sábà máa ń dìgbà tí wọ́n bá ń tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe, tí wọ́n gbọ́dọ̀ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí wọ́n tó ka orí.

Bẹ́ẹ̀, ní ti rírán ọmọ ogun jáde, òfin tiwa le ju tiwọn lọ. Abala 5 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ààrẹ kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìgba àṣẹ Ilé Aṣòfin Àgbà ṣáájú. Bí ewu bá ti sún mọ́ etílé, ó lè kọ́kọ́ rán wọn, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ láti wá tọrọ àṣẹ náà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà nípa ìpinnu ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó fi mọ́ rírán ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Àwọn aṣòfin láti Àríwá, níbi tí ìpínlẹ̀ méje ti bá Niger pààlà, fárígá. Ìdáhùn ilé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ni pé kí ECOWAS tẹ̀ sí ọ̀nà ìjíròrò. Ìpinnu tó dára ni, ogun kò sì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ ni wọ́n ti fi ẹnu kò, kò sì sí ará ìlú tó lè sọ ibi tí aṣòfin tirẹ̀ dúró sí.

Ní Amẹ́ríkà, kò dìgbà tí ènìyàn bá di ọmọ onílùú kó tó pe ọ́fíìsì aṣojú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní àgbègbè náà ni wọ́n ń ṣojú fún. Wọ́n máa béèrè orúkọ àti zip code, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò yín. Ẹ sọ nọ́ńbà ìwé náà, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kó gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́tọ̀ nípa àbádòfin owó, nítorí ẹni tó bu ẹnu àtẹ́ lu ogun lè dìbò fún owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Bí ẹ bá pe aṣòfin ìpínlẹ̀ mìíràn, wọn kì í sábà kà á. Bí ẹ bá sì pè lẹ́yìn ìbò, ó ti bọ́.

Ohun kan wà tó so ìlú méjèèjì pọ̀, ó sì dunni gan-an. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fi tó Kóńgírẹ́ẹ̀sì létí pé àwọn fẹ́ ta ọkọ̀ òfuurufú ogun Super Tucano 12 fún Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n tó ka lẹ́tà Ààrẹ Buhari fún àwọn aṣòfin ní Abújá, pé òun ti fọwọ́ sí i kí wọ́n san dọ́là 496,374,470. Owó ti lọ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀, ìwé òfin méjèèjì ló ní kí owó má jáde láìsí àṣẹ aṣòfin. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston lè ti kà nípa ọkọ̀ náà ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú kí lẹ́tà yẹn tó dé iwájú aṣòfin tó ń ṣojú ilé bàbá rẹ̀.