10% nínú kí ni? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìwé àdéhùn àwọn òǹtẹ̀wé

Ìlà kan wà nínú ìwé àdéhùn òǹkọ̀wé tí mo máa ń wá kí n tó ka ohunkóhun mìíràn, ìyẹn ìlà tó sọ iye tí òǹkọ̀wé yóò máa gbà lórí ẹ̀dà tó bá tà. Róyáltì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé á rí 10% níbẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á mú bírò. Ṣùgbọ́n 10% nínú kí ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n tẹ ẹ̀dà 2,000, tí wọ́n sì fi ₦5,000 lé e. Bí àdéhùn bá sọ pé 10% nínú iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìwé, ₦500 ni tiyín lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, ó di ₦1,000,000. Ṣùgbọ́n òǹtàwé tó ń tà á ní Yábàá tàbí ní Broad Street kò lè rà á ní ₦5,000 kó tún tà á ní ₦5,000. Wọ́n á dín in fún un. Ká fi 40% ṣe àpẹẹrẹ: ₦3,000 ló dé ọwọ́ òǹtẹ̀wé. Bó bá wá jẹ́ 10% nínú owó tó wọlé ni wọ́n kọ, ₦300 ni tiyín, ₦600,000 lórí gbogbo ẹ̀dà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló burú jù: 10% nínú èrè. Òǹtẹ̀wé á kọ́kọ́ yọ owó ìtẹ̀wé, owó olóòtú, owó ẹni tó ya èèpo ìwé, owó ọkọ̀, owó ìpolówó, àti epo jẹnẹrétọ̀ pàápàá bí àdéhùn kò bá sọ pé kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Bó bá ná ₦2,700 lórí ẹ̀dà kan nínú ₦3,000 tó gbà, èrè ku ₦300, tiyín sì di ₦30. Ìwé kan náà ni, 10% kan náà ni.

Nítorí náà, iye ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ bèèrè fún. Bí òǹtẹ̀wé bá ní owó tó wọlé ni ilé iṣẹ́ àwọn ń lò, kò burú, àmọ́ iye náà gbọ́dọ̀ gòkè: kí tiyín tó lè pé ₦500 nínú ₦3,000, ó ní láti súnmọ́ 17%. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀dínwó òǹtàwé nìkan ni wọ́n lè yọ kí wọ́n tó ṣírò tiyín. Ẹ lè ní kó máa gòkè bí ìwé ṣe ń tà, bíi 10% lórí ẹ̀dà 5,000 àkọ́kọ́, 12.5% lórí 5,000 tó tẹ̀ lé e, 15% lẹ́yìn ìyẹn. Ní ti 10% nínú èrè, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó buwọ́ lù ú.

Ẹ tún wá ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dínwó ńlá. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, wọ́n á kọ ọ́ pé bí ẹ̀dínwó bá ti ju 50% lọ, róyáltì á di ìdajì. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ibi tí ìwé Yorùbá ti ń tà jù ni ilé ìwé àti ọwọ́ ìjọba tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí ìwé yín bá wọ inú ìwé tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìdánwò gan-an ni ìlà yẹn á jí.

Owó àsansílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn. Inú róyáltì ni wọ́n á ti yọ ọ́ padà. Bí wọ́n bá fún yín ní ₦300,000, tí róyáltì sì jẹ́ ₦500 lórí ẹ̀dà kan, ẹ̀dà 600 gbọ́dọ̀ tà kí ẹ tó tún rí kọ́bọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ìwé sọ ọ́ ketekete pé bí ọjà kò bá yá, ẹ kò ní dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹ ń fi lé wọn lọ́wọ́. Onílé tó fi yàrá méjì rẹ́ǹtì ní Mushin kì í kó ìwé ilẹ̀ fún ayálégbé. Títí ọjọ́ báyìí ló rẹ́ǹtì rẹ̀, fún lílò báyìí. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àdéhùn ìwé rí. Kọ́píráìtì ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ni iṣẹ́ láti tẹ̀ ẹ́ àti láti tà á. Bí ẹ bá rí i pé òǹkọ̀wé "gbé kọ́píráìtì fún" òǹtẹ̀wé, ẹ ti ta ilé nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó "fún òǹtẹ̀wé láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ kó sì tà á", ẹ rẹ́ǹtì rẹ̀ ni. Lábẹ́ Copyright Act ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, kọ́píráìtì lórí ìwé máa ń wà ní gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé, á sì tún lo 70 ọdún lẹ́yìn tó bá kú. Gbólóhùn tó ní "fún gbogbo ìgbà tí kọ́píráìtì bá fi wà" kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún yín, kò fi sílẹ̀ fún ọmọ yín, ó sì ṣeé ṣe kó má fi sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ yín. Ọdún márùn-ún sí méje ni mo rò pé ó tọ́, kí ẹ tún un ṣe bí ọwọ́ wọn bá mọ́. Kí ẹ kọ èdè tí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sí, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lè tà á, àti irú ìwé tó jẹ́: bébà ni, tàbí ti orí fóònù pẹ̀lú. Ohun tí ẹ kò bá dárúkọ, kí ìlà kan sọ pé ti òǹkọ̀wé ni.

Òfin yẹn kan náà ní kí gbígbé kọ́píráìtì fúnni, àti àṣẹ tí ẹnì kan ṣoṣo lè lò, wà ní kíkọ sílẹ̀. Àṣẹ tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo kò nílò ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè fúnni, ìwà pàápàá lè fi í hàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, a ó sọ̀rọ̀ owó tó bá yá." Wọ́n lè ní ẹ ti gbà. Ẹ̀tọ́ kan sì wà tí òǹkọ̀wé kò lè gbé fún ẹlòmíràn nígbà tó wà láàyè: pé kí orúkọ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ rẹ̀, kó sì lè kọ̀ bí wọ́n bá gé iṣẹ́ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ lọ́nà tó lè bà á lórúkọ jẹ́. Àdéhùn tó bá ní kí ẹ gbé ìyẹn náà sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Fíìmù, eré orí ìtàgé, kíka ìtàn lórí rédíò, ìwé àfetígbọ́, ìtumọ̀ sí èdè mìíràn: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó wọn. Òǹtẹ̀wé tí kò ní ẹnì kankan tó ń bá àwọn onífíìmù sọ̀rọ̀ kò ní ìdí láti gba ẹ̀tọ́ fíìmù. Bó bá lè bá yín wá oníbàárà lóòótọ́, ẹ fún un ní ìpín, ṣùgbọ́n kí ọ̀pọ̀ owó náà jẹ́ tiyín, kí ẹ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó tà á. Ẹni tó ń kọ ìwé ní Yorùbá gbọ́dọ̀ di ti rédíò mú dáadáa, torí àwọn tó fẹ́ fi etí gbọ́ ìtàn wa pọ̀ gan-an.

Ó ku ohun kan tó jẹ́ ti àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an: àmì ohùn. Iṣẹ́ yín lè pé pérépéré lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹni tó ń to ìwé wá gbé e sínú fọ́ǹtì tí kò ní àmì lábẹ́ àti lókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo ẹ̀ di àpótí kéékèèké, tàbí kí àmì fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ lọ sórí òmíràn. "Ọkọ̀" á di "ọkọ". Kí àdéhùn sọ pé ẹ ó rí ojú ewé tí wọ́n ti tò tán, bó ṣe máa lọ sórí ẹ̀rọ gan-an, ẹ ó sì ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ó kéré tán láti kà á, kò sì ní lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú láìjẹ́ pé ẹ buwọ́ lù ú. Ìlà mìíràn wà níbẹ̀ tó máa ń ní bí àtúnṣe òǹkọ̀wé bá pọ̀ ju 10% owó títo ìwé lọ, òǹkọ̀wé ni yóò sanwó rẹ̀. Ẹ fi kún un pé àmì tí fọ́ǹtì bá bà jẹ́ kò sí lára àtúnṣe yín. Mo ka èyí sí pàtàkì ju ìlà fíìmù lọ, torí ìwé Yorùbá tí àmì rẹ̀ bà jẹ́ kò ṣeé kà fún ọmọ iléèwé.

Ìwé ìṣirò ni ibi tí òtítọ́ wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló dáa, bíi ní ìparí oṣù kẹfà àti ìparí oṣù Kejìlá, kí owó sì wọlé láàárín 90 ọjọ́. Ìwé tó kàn sọ pé "ẹ̀dà tó tà: 740" kò tó. Kí wọ́n kọ iye tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n tẹ̀, iye tó tà, iye tí wọ́n fi ṣe ọ̀fẹ́, iye tó bàjẹ́, iye tó wà lọ́wọ́ àwọn òǹtàwé tí wọn kò tíì sanwó, àti iye tó kù ní síto. Ẹ fúnra yín lè yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bírò: 2,000 tí wọ́n tẹ̀, ẹ yọ 740 tó tà, ẹ yọ 60 tí wọ́n fi ṣe ọ̀fẹ́, 1,200 ló gbọ́dọ̀ kù láàárín síto àti ọwọ́ òǹtàwé. Bí wọ́n bá kọ 900, níbo ni 300 wà? Ọ̀pọ̀ òǹtàwé kì í ra ìwé pátápátá, wọ́n á gbà á sílẹ̀ títí yóò fi tà, èyí tí kò bá tà á padà. Nítorí ìyẹn ni òǹtẹ̀wé ṣe máa ń di owó díẹ̀ mú nínú róyáltì. Kò sí àbòsí níbẹ̀, àmọ́ kí wọ́n kọ ibi tó mọ, bíi 20%, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ nínú ìṣirò tó tẹ̀ lé e.

Kí ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti mú oníṣirò yín wọlé wo ìwé wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí àṣìṣe bá ju 5% lọ, òǹtẹ̀wé ni kó san owó oníṣirò náà. Nígbàkigbà tí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀dà rìsíìtì ilé ìtẹ̀wé ránṣẹ́ sí yín. Láìsí rìsíìtì yẹn, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá 2,000 ni tàbí 5,000. Bí ẹ bá rí ìwé yín lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà ní owó tí kò ṣeé gbà gbọ́, rìsíìtì yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ayédèrú ni tàbí láti síto ló ti jáde. Kí àdéhùn sọ ẹni tí yóò fi ẹjọ́ ayédèrú sun Nigerian Copyright Commission, àti ẹni tí yóò náwó rẹ̀.

Bí ìwé bá tán lọ́jà ńkọ́? Àdéhùn àtijọ́ máa ń ní ẹ̀tọ́ á padà sọ́wọ́ òǹkọ̀wé bí ìwé bá "kúrò lórí àtẹ". Lónìí, ẹ̀dà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó fúnra rẹ̀ dúró síbẹ̀ tó fún wọn láti ní ìwé ṣì wà lórí àtẹ, títí láé. Iye ni kí ẹ lò: bí ẹ̀dà tó tà láàárín oṣù 12 bá dín sí 50, ẹ ó kọ lẹ́tà, bí wọn kò bá sì tún un tẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, gbogbo ẹ̀tọ́ padà. Bákan náà ni bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ láàárín oṣù 18 tí ẹ gbé iṣẹ́ fún wọn, kí owó àsansílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín.

Ìlà tó ní ìwé yín tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ fún wọn ní 30 ọjọ́ láti wò ó, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tó ní ẹ ó san gbogbo ìnáwó bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹ dín in kù sí ẹjọ́ tí kóòtù bá ti dá yín lẹ́bi.

Bí "òǹtẹ̀wé" bá ní kí ẹ mú owó wá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Oníbàárà ni yín, ẹ kì í ṣe òǹkọ̀wé tó ń gba róyáltì. Gbogbo ẹ̀dà gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín, kí wọ́n sì kó fáìlì tó ṣeé tún ṣí fún yín, èyí tí wọ́n fi to ìwé, àti ti èèpo rẹ̀, kì í ṣe PDF nìkan. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, wà lórí rẹ̀. National Library ló ń fúnni, ọ́fíìsì wọn kan wà ní Yábàá. Díjíìtì 13 ló wà nínú ISBN kan, 978-978 sì ni ọ̀pọ̀ tiwa fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ tiwọn ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé yín ọ̀dọ̀ wọn ni yóò máa wá.

Bí owó kò bá wọlé, ẹ kọ lẹ́tà tó dárúkọ ọjọ́ àdéhùn, abala tó sọ̀rọ̀ róyáltì, iye ẹ̀dà, àti iye owó ní náírà gan-an. Ẹ fún wọn lọ́wọ́, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Gbèsè tí iye rẹ̀ hàn, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, Small Claims Court ti Èkó lè gbọ́ ọ, wọ́n sì gbìyànjú kó parí láàárín 60 ọjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè lẹ́tà yẹn. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, Lagos Multi-Door Courthouse wà fún ìlàjà láti ọdún 2002. Kí ẹ ti kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, torí ọ̀pọ̀ àdéhùn ń dárúkọ adájọ́ àdáni mẹ́ta (arbitrator) tí ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ sanwó fún, owó wọn sì lè ju róyáltì tí ẹ ń bèèrè lọ.