Kì í ṣe gbogbo lactate tó bá gòkè ló ń bèèrè omi

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, ẹ mọ aago mẹ́ta òru. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 85. Lactate, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó sábà máa ń gòkè bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ara tó, jẹ́ 2.8 lọ́gànjọ́, ó ti di 6.1, base excess (òṣùwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó) -8. Mo fa saline (omi iyọ̀) mílílítà 500 sí màmá tí mò ń tọ́jú lára, mo tún fa 500. Kó tó di aago márùn-ún, lítà méjì ti wọlé. Lactate ò sọ̀, chloride (èròjà inú iyọ̀) ti di 117, hemoglobin (èròjà tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀) já láti 9.4 sí 7.8, ọ́síjìn sì ń lọ sílẹ̀ lójú mi. Ọwọ́ màmá náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dì í mú, síbẹ̀ mi ò bi ara mi pé báwo ni ọwọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ara rẹ̀ ṣe máa gbóná báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àìbìkítà o. Ìfúnpá 85 lóru máa ń gba ọgbọ́n lọ́wọ́ èèyàn.

Adrenaline ni, oògùn tí a fi ń ran ọkàn lọ́wọ́. A ti fi kún un lọ́gànjọ́, oògùn yẹn sì máa ń gbé lactate sókè fúnra rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń dé gbogbo ara. Ọ̀gá mi dín in kù, ó fi noradrenaline, oògùn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, gbé ìfúnpá dúró, ó tán.

Nítorí náà, kí ẹ tó fa omi, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti arterial line (rọ́bà inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látọkàn), ọ̀kan láti central line (rọ́bà inú iṣan ńlá tó ń gbé e padà sọ́kàn). Ẹ yọ CO2 ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Bó bá ju 6 mmHg lọ, ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn tó: omi lè ràn án lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ ọkàn ni ò lágbára. Ti màmá yìí jẹ́ 4, ọ́síjìn central line rẹ̀ 74%. Omi kọ́ ló ń bèèrè.

Ẹ wo chloride pẹ̀lú. 154 mmol ló wà nínú lítà saline kan, ti ẹ̀jẹ̀ ò ju nǹkan bí 106 lọ. Saline fúnra rẹ̀ ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan, ẹ ó sì rò pé omi ò tíì tó, ẹ ó tún fa òmíràn. Ringer's lactate, omi tí chloride rẹ̀ kéré sí ti saline, sàn jù ú lọ, mílílítà 250 láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò kí ẹ tó fa ìkejì.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde nínú àwọn rọ́bà yẹn, ẹ má lò ó fún àyẹ̀wò: omi flush (omi tí a fi ń fọ rọ́bà) tó wà nínú rẹ̀ á fa hemoglobin àti potassium sílẹ̀. Bí rọ́bà àyà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde bá sì ṣàdédé dákẹ́, tí CVP (ìfúnpá inú iṣan ńlá tó wọ ọkàn) ń gòkè, ẹ fi sírínjì sílẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ.